Ìràwọ̀ Pupa Lórí Ilé Aránṣọ

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ọ̀dà gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, kí búrọ́ọ̀ṣì mi re irun bí adìyẹ tó ń pa ìyẹ́, kí gbogbo pátákó tí mo ti kọ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn sì parẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Òtítọ́ ni látòkè délẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ kò jókòó nínú kíláàsì rí. Ara ọkọ̀ ẹrù ni mo ti kọ́ lẹ́tà, ara ògiri ni mo ti kọ́ gbólóhùn, ara gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ni mo ti di ọ̀gá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí, wọ́n á ní ọwọ́ Baba Ọlọ́dà kì í gbọ̀n. Mo lè fa ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà mi dé etí omi kí èèrà tọ̀ ọ́ láì yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Àwọn tó kàwé gboyè ti wá bẹ̀ mí rí pé kí n bá àwọn ka ohun tí àwọn fúnra wọn kọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni mo jókòó tì. Ìtàn Oníràwọ̀ ni.

Kí wọ́n tó máa pè é ní Oníràwọ̀, Aláfáànù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí fáànù yín bá jó, tó ń rùn bí irun tí iná rà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó gbé e lọ. Á tú ikùn rẹ̀, á fa wáyà tó ti jó dúdú jáde, á wá máa wé tuntun sí i, á máa kà á lábẹ́ ètè. Ẹni tó bá kí i nígbà tó ń kà, èébú ló máa gbà dípò "ẹ ǹlẹ́." Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mò ń sọ yìí. Ìka rẹ̀ le bí ìṣó. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Yàrá iwájú ilé baba rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn. Òpópónà wa tọ́ gbọọrọ láti etí omi wá. Bí ẹ bá ń ti ibi omi bọ̀, ilé rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọwọ́ òsì, tí ó kọjú sí i gẹ́lẹ́, ni ilé Aránṣọ wà, ìyá kan tó dàgbà jù ú lọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Baba Aláfáànù jẹ́ atukọ̀. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ìràwọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹbí. Ó ní, "Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí omi, ẹ wá ìràwọ̀ pupa. Ẹ jẹ́ kó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Abẹ́ rẹ̀ ni ilé wà." Nígbà tí baba náà kú, àbúrò Aláfáànù ló jogún ọkọ̀ rẹ̀. Kékeré ni ó ń pe àbúrò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọkùnrin yìí ga débi pé ó máa ń tẹ orí ba kí ó tó wọlé. Ọkọ̀ náà ti jẹrà nídìí. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó má gùn ún mọ́, àbúrò ní òun á gùn ún. Wọ́n bá a débi ìjà ní ọjọ́ kan.

"Bí o bá gbé ẹsẹ̀ sínú pósí yẹn lónìí, má padà wá kan ilẹ̀kùn mi!"

Ẹyin lọ̀rọ̀; ẹ mọ ìyókù. Kékeré rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Lọ́jọ́ náà, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, iná ìlú lọ pátápátá. Kékeré padà dé ní tirẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Aláfáànù gbọ́. Ó wà lórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́, ojú rẹ̀ ń wo sánmà láti ojú fèrèsé. Ìràwọ̀ kún ibẹ̀ bí iyọ̀ tó dànù. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọmọ yìí kọ́ ọgbọ́n díẹ̀ ná. Bó bá kàn án ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, òun á ṣí i.

Kò kàn án ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Aláfáànù gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà sí ọ̀nà omi. Láti ọjọ́ náà, a kò rí òkú rẹ̀, a kò rí pákó kan lára ọkọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà ló tó sọ èyí fún mi. Kí ó tó sọ ọ́, iná ló ti ń tàn.

Agolo mílíìkì ló kọ́kọ́ lu ihò sí lára. Ó ki gílóòbù wẹ́wẹ́ bọ inú wọn, ó so wọ́n kọ́ sí abẹ́ òrùlé, a sì rò pé ọ̀ṣọ́ ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló gba ògiri gígùn ti ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó to gílóòbù sí i ní ìlà dídagun, ó gbé mọ́tò fáànù ògbólógbòó kan tí ó ti dín eré rẹ̀ kù sí ìdí rẹ̀, ó fi mọ́tò náà yí àwo kan tí ahọ́n bàbà wà létí rẹ̀. Bí àwo náà ti ń yí, ahọ́n yẹn ń kan wáyà kan tẹ̀lé òmíràn, iná á sì sáré láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, fìrì, bí ìràwọ̀ tó já. Mo rí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má bàa bà á lórí. Ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní òun á bá a sáré; gọ́tà ni wọ́n ti fà á jáde. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá wò ó ní alaalẹ́. Ẹni tó bá ní wọn ò ju ogójì lọ, ìlara ló ń bá a jà.

Bẹ́ẹ̀ ni Aláfáànù ṣe di Oníràwọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wá bá mi níbi tí mo ti ń po ọ̀dà. Ó ká ìwé kan mọ́ abíyá, ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn aránṣọ fi ń gé bátànì.

"Baba, mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ọwọ́ yín ṣe nǹkan kan."

"Ọwọ́ tèmi yìí? Èyí tí gbogbo ìlú ń tọrọ?"

"Òun náà ni. Ẹ má jẹ́ kó máa gùn yín."

Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Ó gùn ju yàrá mi lọ. Èédú ló fi tò ó kún fún àmì, ńlá, kékeré, àti èyí tó dà bí ẹ̀gbin eṣinṣin, nǹkan bí ẹgbẹ̀rin. Ọ̀kan péré ló fi ọ̀dà pupa ṣe. Ó ní sánmà ọjọ́ tí òun kò ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Ó ti wà lójú òun láti ọjọ́ náà, kò sì fi ojú òun sílẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti orí ìjà dé orí ẹsẹ̀ tó ń padà sí omi. Kò sunkún. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó bàjẹ́ lára fáànù oníbàárà.

"Iná òpópónà, iná ilé epo, iná pátákó ńlá, gbogbo wọn ti nu ìràwọ̀ kúrò lójú sánmà, Baba. Kékeré kò mọ gílóòbù. Ìràwọ̀ ló mọ̀. Kí ni ẹni tó ń ti orí omi bọ̀ yóò fi dá ilé mọ̀? Mo fẹ́ gbé sánmà ọjọ́ yẹn padà sókè, lórí òpópónà wa gan-an, kí ìràwọ̀ pupa wà lórí ilé mi. Kí ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n ṣí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo fẹ́ sọ pé òkú kì í rìn. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Bó bá kàn án, tí o sì ṣí i, kí lo fẹ́ wí?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí i ná."

A kó páànù pẹlẹbẹ méjìlá jọ, mo kùn wọ́n dúdú. Ètò náà ni pé a máa fi ìṣó lu ihò sí páànù láti ẹ̀yìn, a máa to gílóòbù sí ẹ̀yìn yẹn, a máa fi okùn so wọ́n kọ́ láti òrùlé ọ̀tún sí òrùlé òsì, àwọn èèyàn á sì máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Ìṣó òrùlé la fi lu ìràwọ̀ ńlá. Ìṣó bàtà la fi lu ti àárín. Abẹ́rẹ́ máṣìnnì tí Aránṣọ ti jù nù la fi lu àwọn wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti gbé àmì inú ìwé sórí páànù.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá níbẹ̀, kò sí ọmọdé tó lè dá a. Nígbà náà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ orúkọ sí ara gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Inú ṣọ́ọ̀bù lèmi máa ń dúró kí òjò má bàa fọ ọ̀dà, mo sì máa ń kọ lẹ́tà náà ní òdì, kí ẹni tó wà níta lè kà á bó ṣe yẹ. Mo wá wo páànù yìí, mo ní bíi gíláàsì kọ́ nìyí? Ẹ̀yìn la ti ń lù ú, iwájú ni wọ́n ti ń wò ó. Bí mo bá gbé e bó ṣe wà nínú ìwé, òdì ni yóò bọ́ sí. Mo yí ìwé náà dojúdé, mo lu ihò tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi débi pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá kì í ṣàlàyé iṣẹ́.

Alága àdúgbò, ẹni tó fẹ́ràn ìpàdé ju oúnjẹ lọ, ṣe ìpàdé mẹ́ta kó tó gbà. Àwọn káfíńtà méjì bá mi gbé páànù sókè. Oníràwọ̀ kò gun òkè, òòyì máa ń kọ́ ọ lórí àkàbà. Wáyà ni ó ń ti ìsàlẹ̀ nà sí wa. Súìsì kan ṣoṣo tó ń tan gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kàn án mọ́, ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé láti orí àpótí. Fèrèsé tó fi wo sánmà ní ọjọ́ tí Kékeré lọ, ó ti kàn án pa láti ìgbà náà.

"O ò ní jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ bó bá tàn?" Èmi ni mo bi í.

"Bí mo bá jáde, ta ni yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, gbogbo ilé pa iná iwájú wọn. Ó tẹ súìsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ là lókè. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Àwọn àgbà sí fìlà, àwọn obìnrin di ara wọn mú. Ìràwọ̀ pupa kan mọ́ roro láàárín wọn bí ẹyinná. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú sánmà yẹn tí kò bá mi lára mu. Ó dà bí ojú ẹni tí a mọ̀ tí a wá rí nínú díńgí: òun ni, òun sì kọ́. Ajá ilé ìkẹ́rùsí, tó ń gbó láti òwúrọ̀, dákẹ́ lójijì. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ òpópónà, ó ń rùn bí ìdí ọkọ̀ ojú omi tí kò rí oòrùn rí. Láìsí ẹni tó sọ pé kí a lọ, oníkálukú wọlé rẹ̀.

Kò pẹ́ tí òpópónà ṣófo ni Aránṣọ gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ní ó ń bọ̀ pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tí omi kún bàtà rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn? Mi ò gba aṣọ mọ́ lónìí!"

Ó ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tutù rìnrìn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè, bákan náà. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun jókòó, nítorí kò sí ọkùnrin tó láyà bí tèmi ní gbogbo ìgboro, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ. Mo jókòó ti máṣìnnì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan ìràwọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ náà fúnra mi. Mo rí ilẹ̀kùn náà tó ń wọnú díẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, níbi tí ìka ẹni tó ga gan-an yóò ti kàn án. Mo dìde láti ṣí i. Orúnkún mi ló ní kí n jókòó padà, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu nítorí ara mi ni.

"Akíkanjú," ni Aránṣọ wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Ẹ rọra, kí ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìgboyà."

Ilẹ̀ ọjọ́ Fúráìdeè mọ́, Aránṣọ kò tíì bọ́jú tó fi lọ bá alága. Alága ní òun kò fẹ́ ìpàdé kankan lórí èyí; ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo páànù yẹn sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí káfíńtà wá tètè. Láti ibẹ̀ ni Aránṣọ ti kọjá tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Oníràwọ̀. Mo tẹ̀lé e.

Oníràwọ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti wọnú. Alẹ́ mẹ́ta ló ti jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí ìkọ́, kò sì sí ẹni tó kan nǹkan kan.

"Ìwọ obìnrin yìí," Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, "mi ò rán aṣọ fún òkú rí láyé mi, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ẹni tí ò ń fi iná pè, wá mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Oníràwọ̀ gbé orí sókè. "Ẹnu ọ̀nà yín, mà?"

"Ẹnu ọ̀nà ta ni kó jẹ́? Kí ni kò ní mú un wá síbẹ̀, nígbà tí o gbé ojú pupa yòò kan kọ́ sórí òrùlé mi!"

"Orí òrùlé tèmi ni ìràwọ̀ pupa wà, mà."

"Jáde kí o wò ó. Mo ní orí òrùlé tèmi! Gbogbo yàrá mi ló pọ́n bí inú ẹran."

Oníràwọ̀ yíjú sí mi. Kò jágbe. Ó ní, "Baba, báwo lẹ ṣe gbé àmì inú ìwé sórí páànù?"

"Bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é ni."

"Mo ti kọ ìwé yẹn ní òdì kí n tó gbé e wá fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn la ti máa lù ú. Kí ẹ kàn lù ú bó ṣe wà ni."

Mo wúkọ́. Ó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n di ẹrù náà ru àwọn káfíńtà, pé àwọn ni wọ́n gbé e kọ́ ní òdì. Káfíńtà kì í lè jàre lọ́dọ̀ mi. Mo ti la ẹnu.

"Baba," ni Aránṣọ wí, "kí ló dé tí ẹ̀ ń wo bàtà yín?"

Ojú abẹ́rẹ́ ló ní, obìnrin yẹn. Mo pa ẹnu dé, mo sì tún un là sí òtítọ́. Mo ní mo yí ìwé náà dojúdé, pé mo rí pupa náà lórí òrùlé Aránṣọ, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ronú kàn án. Mo ní ọwọ́ gíláàsì ni, pé ọgbọ́n tirẹ̀ àti ọgbọ́n tèmi pàdé lórí páànù kan, wọ́n sì pa ara wọn. Mo ní kí ó bú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti di ọkùnrin, n kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kò bú mi. Ó na ìka sí òdìkejì òpópónà.

"Alẹ́ mẹ́ta," ni ó wí. "Ó wá ní alẹ́ mẹ́ta. Ó ń kan ilẹ̀kùn níwájú mi lọ́hùn-ún, mo sì jókòó síbí. Mi ò tún ṣí fún un."

Aránṣọ wo ìta, ó wo Oníràwọ̀, ó tú téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì.

"Òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ tú u," ó ní. "Òní ṣì wà nílẹ̀. Baba, ẹ lọ gbé àkàbà. Ẹni tó fi ọgbọ́n gùn ún ni yóò fi ọgbọ́n sọ̀ ọ́."

Àwa mẹ́ta la ṣe é, arúgbó mẹ́ta, nítorí àwọn káfíńtà ní àwọn kò fọwọ́ kan ohun tí òkú ń tẹ̀lé. Mo sọ̀ páànù méjìlá kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn tó lè yan ẹja. A yí ọ̀kọ̀ọ̀kan dojúdé, a tú gílóòbù kúrò ní ẹ̀yìn, a tò ó sí iwájú tó ti di ẹ̀yìn, èyí tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún a gbé e lọ sí òsì, ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Aránṣọ ń fi òwú ìránṣọ di wáyà mọ́ra, ó ń ráhùn pé kò sí ẹni tó máa rán aṣọ oníbàárà tí òun gbé kalẹ̀. Oníràwọ̀ ń dán gílóòbù wò níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kan ìràwọ̀ pupa mọ́ òkè ilé rẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Mo ṣubú lórí àkàbà láti gíga igi méjì, mo sì fi ẹsẹ̀ balẹ̀ bí ológbò. Aránṣọ ní ìdí ni mo fi balẹ̀, pé ìgbésẹ̀ méjì péré ló kù sílẹ̀. Ẹ dá a lóhùn fún mi.

Oníràwọ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, a gbọ́ tí ó fa àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi àti Aránṣọ wọ ilé tirẹ̀ lódìkejì, a dúró ní ojú fèrèsé, a kò tan nǹkan kan. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń gbọ́ tèmi.

Sánmà tàn. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ohun tó tako ara mi nínú rẹ̀. Ó rí bí ojú ẹni ẹni. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Afẹ́fẹ́ wá. Ẹsẹ̀ wá tẹ̀lé e, pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀, láti ìsàlẹ̀ òpópónà. N kò rí ẹni tó ni ín. Ohun tí mo rí ni ilẹ̀ tó ń dúdú, tó ń tutù, ní ojú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ tó gùn, ti ẹni tó ga. Ó dé àárín ilé méjèèjì, ó dúró. Alẹ́ mẹ́ta ló ti fi òsì ṣe ọ̀nà. Ẹsẹ̀ náà yí díẹ̀. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ wa. Ó tún gbé òmíràn.

Mo di ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mú. Ní òdìkejì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, obìnrin kan jókòó tí kò lè rí èyí, tó ń retí, òwúrọ̀ ọ̀la sì ni wọ́n máa tú ìràwọ̀.

Aránṣọ ló rìn lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fi ẹnu sún mọ́ igi. Mo rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́. Ohùn tí ó mú jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tí èèyàn fi ń jí ọmọ tó ń sunkún lójú oorun.

"Kì í ṣe ibí, ọkọ mi. Òdìkejì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sùn."

Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ yí padà. Ó gba àárín òpópónà kọjá lábẹ́ ìràwọ̀ pupa, ó gun àtẹ̀gùn Oníràwọ̀. Kó. Ó dúró díẹ̀. Kó.

Oníràwọ̀ kò jẹ́ kó kàn án ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó fi í lu ògiri. Ó dúró síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa bò ó lórí, ó sì ń wo òkè, bí èèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó ga jù ú lọ. Ètè rẹ̀ ń mì. Èmi ò gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì ní parọ́ rẹ̀ fún yín. Bí mo bá fẹ́ parọ́ ni, ibí yìí ni ǹ bá ti pa á. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi í kan nǹkan kan tí n kò rí. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ru ẹrù. Ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ìràwọ̀ kú.

Nínú òkùnkùn yẹn a gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú ilé rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wá láti dúró. Mo ní ohùn méjì ni. Aránṣọ ní ẹyọ kan ni, pé èkejì wá láti inú etí mi.

Nígbà tí alága àti àwọn káfíńtà dé ní òwúrọ̀, Oníràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló jáde sí wọn. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó mọ́. Ó ní kí wọ́n máa tú u, òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Alága bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Mo ṣílẹ̀kùn ni." Kò tún tan ìràwọ̀ kankan mọ́ títí ó fi kú, ọdún méje lẹ́yìn náà, lójú oorun. Ní gbogbo ọdún méje yẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá ẹ̀yìn, ilẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ kò sì gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà le tó báwo.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní àròsọ arúgbó ni. Ẹ lọ bá Ìyá Aránṣọ Aláàlùmọ́gàjí, ó wà láàyè, ó ṣì wà nínú ilé ọwọ́ òsì yẹn, ojú rẹ̀ ṣì rí ihò abẹ́rẹ́ láìfi nǹkan sí i. Á kọ́kọ́ bú mi. Á ní kò sí ẹgbẹ̀rún èèyàn níbi ògiri, á ní ẹkún ni mo sun ní alẹ́ Tọ́sìdeè. Ẹ jẹ́ kó bú mi tán. Kí ẹ wá bi í bóyá ó máa ń sùn ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Á ní rárá. Á ní etí òun ṣì ń wá ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti júwe ọ̀nà fún ọmọ yẹn, kò sí ẹni tó kan tòun mọ́.